Ìbọn Kan, Ẹ̀bẹ̀ Tí N Kò Rán Ẹnikẹ́ni

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo yìnbọn síhà ibi tí ènìyàn wà láyé mi. Ọ̀sán Jímọ̀ ni, ní Bobiel, àdúgbò kan ní Niamey, nínú àgbàlá ilé tí a háyà. Mo ń kọ èyí nítorí pé gbogbo ẹni tó dá sí ọ̀rọ̀ náà, kò sí ọ̀kan ṣoṣo tó bi mí léèrè kó tó dá sí i. Ọlọ́pàá kọ tiwọn. Àwọn àgbà wa sọ tiwọn. Èmi tí mo di ìbọn mú, sùúrù ni wọ́n ní kí n máa ṣe.

Àwọn ọdún náà, ẹgbẹ́ òṣèlú pọ̀ ní Niamey débi pé ògiri kan kì í ru àwòrán olùdíje tó dín ní mẹ́ta, kò sì sí ọ̀sẹ̀ tí àwọn kan kì í daṣẹ́ sílẹ̀. Olùkọ́ ìṣirò ni mí ní lìsé, iléèwé girama ìjọba kan. Ọ̀sẹ̀ yẹn, àwa olùkọ́ ló kàn. Ìdí nìyẹn tí mo fi wà nílé, tí mo dùbúlẹ̀ sórí ẹní, tí mo ń máàkì iṣẹ́ àwọn ọmọ tí n kò mọ ìgbà tí n óò tún fojú kàn wọ́n.

Ìbọn náà, ìbọn ọdẹ ẹlẹ́nu kan ni, ti bàbá mi. Ìhà Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi ti wá, abọ́ tánganran ló ń tà, ṣùgbọ́n bó bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé lọ́jọ́ Ìsinmi, ó ti gba ọ̀nà odò lọ nìyẹn, àparò àti ehoro ló ń wá kiri. Kó tó kú, òun fúnra rẹ̀ mú mi dé bírò ìjọba, wọ́n yí ìwé àṣẹ ìbọn sí orúkọ mi. Láti ìgbà náà, ọdọọdún ni mo ń lọ sọ ìwé yẹn dọ̀tun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn: n kò fo ọdún kan. Gbogbo òǹtẹ̀ rẹ̀ wà níbẹ̀, mo lè kà á fún yín níkọ̀ọ̀kan.

Bí ẹ bá mọ Bobiel, ẹ ó mọ bí ọ̀sán Jímọ̀ ṣe ń rí. Bí ìrun bá ti tó, ọkùnrin kan kì í kù ládùúgbò. Alájàpá ti ṣọ́ọ̀bù, awakọ̀ takisí fi ọkọ̀ sílẹ̀ sínú iyanrìn, gbogbo wọn a kọjú sí mọ́sálásí. Ilé tiwa nìkan ni ilé Krìstẹ́nì lójú ọ̀nà yẹn. Àwọn olè tó wá lọ́jọ́ náà mọ èyí. Wọ́n mọ̀ pé ọkọ ilé náà jẹ́ olùkọ́, pé olùkọ́ a máa wà níléèwé lọ́jọ́ Jímọ̀. Ohun tí wọn kò fi kún ìṣirò wọn ni ìdaṣẹ́sílẹ̀.

Abẹ́ àtíbàbà ni ìyàwó mi ń jókòó ránṣọ. Mo ń gbọ́ ẹ̀rọ rẹ̀ láti inú yàrá, tàkà-tàkà-tàkà, ohùn tí n kì í gbọ́ mọ́ nítorí pé ó ti mọ́ mi létí. Ó wá dákẹ́ lójijì. Ìyàwó mi kì í dá abẹ́rẹ́ dúró ní àárín ojú rírán. Mo dìde, mo yọjú láti ẹ̀yìn kọ́tìnì. Ọkùnrin méjì ló ti fo ògiri wọlé. Ọ̀kan ti ń tú wáyà ẹ̀rọ náà, èkejì na àdá sí ìyàwó mi lọ́rùn, ó ń bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ ní Haúsá bí ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún.

Orí kọ́bọ́ọ̀dù ni ìbọn wà. Inú àpótí tí mo tì ni ọta wà. Mo ṣí i, mo ki ẹyọ kan sínú ìbọn, mo bọ́ síta. Mo ní kó ju àdá sílẹ̀. Mo sọ ọ́ ní Zarma, mo sọ ọ́ ní Haúsá, mo sọ ọ́ ní Faransé, kí ẹnikẹ́ni má baà wí lọ́la pé kò gbọ́. Ó gbọ́. Ó yí kúrò lọ́dọ̀ ìyàwó mi, ó gbé àdá sókè, ó ń bọ̀ wá bá mi. Ìṣísẹ̀ mẹ́rin ló kù láàárín wa. Mo sọ ẹnu ìbọn kalẹ̀, mo yìn ín sí iyanrìn tó wà níwájú ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ọta ẹyẹ ni, ó wẹ́. Mẹ́ta nínú rẹ̀ ta padà láti ilẹ̀, ó wọ̀ ọ́ ní iṣan ẹsẹ̀. Dókítà ló kọ ọ́ pé mẹ́ta. Ó ṣubú, ó ń pe ìyá rẹ̀. Èkejì ti fo ògiri, ó ti lọ.

Ariwo ìbọn náà kó mọ́sálásí jáde. Kí n tó mí lẹ́ẹ̀mejì, àgbàlá mi ti kún. Wọ́n rí àdá, wọ́n rí ẹni tó wà nílẹ̀, wọ́n ti ń wá òkúta. Èmi ni mo dúró lórí olè náà, pẹ̀lú ìbọn tí kò ní nǹkan kan nínú mọ́, tí mo ní ẹni tó bá fọwọ́ kàn án yóò kọ́kọ́ ti ara mi kọjá. Ìyàwó mi fa aṣọ oníbàárà kan ya, ó fi di ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ gbọ́, aṣọ oníbàárà! A gba olè sílẹ̀ lọ́wọ́ ikú, a sì tún ba aṣọ ẹni ẹlẹ́ni jẹ́ nítorí rẹ̀.

Ọlọ́pàá gbé e lọ sí ọsibítù, wọ́n gbé èmi àti ìbọn lọ sí àgọ́ wọn. Mo gba bébà, mo kọ ojú ìwé mẹ́rin. Ìyàwó mi mú téèpù ìránṣọ rẹ̀ wá láti ilé. Ó ti bá mi wọn àgbàlá náà, láti ẹnu ọ̀nà dé ibi tí ẹ̀jẹ̀ wà. Mo ya àwòrán rẹ̀. Mo kọ ibi tí oòrùn wà. Ọ̀gá ọlọ́pàá tó gba ẹjọ́ náà, Zarma ni, ó yí ojú ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bí ẹni tó ń yí ẹja lórí iná.

Ó ní, "Olùkọ́, ẹ máa lọ sílé. Ẹ padà wá láàárọ̀ ọ̀la. Kala suuru."

Sùúrù nìkan ló kù, ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ní Niamey, bí ilé ẹni jó, kala suuru. Bí ọkọ̀ gbá ewúrẹ́ ẹni, kala suuru.

Ohun tó wà níbẹ̀ fún mi rèé, kí ó lè yé yín. Ìlú yìí ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ ni mo ti kàwé láti jẹ́lé-ó-sinmi dé yunifásítì, ṣùgbọ́n ìwé Nàìjíríà ni mo ní lọ́wọ́. Àjèjì tí ilé ẹjọ́ bá dá lẹ́bi pé ó fi ìbọn ṣe ènìyàn léṣe, wọ́n lè lé e kọjá ẹnubodè. Kí wọ́n lé mi lọ síbo? Ògbómọ̀ṣọ́, tí mo dé lẹ́ẹ̀mejì péré, tí wọ́n sì ń fi Yorùbá ẹnu mi ṣe yẹ̀yẹ́ níbẹ̀?

Láàárọ̀ Sátidé, mo wẹ̀, mo wọ kóòtù, mo mú ìwé àṣẹ mi dání. Mo dé ẹnu ọ̀nà àgọ́ ọlọ́pàá, mo bá ohun tí ojú mi kò tíì rí rí. Mẹ́ta nínú àwọn àgbà Yorùbá ìlú náà wà nílẹ̀ gbalaja, pẹ̀lú agbádá, pẹ̀lú fìlà, nínú iyanrìn. Alága ẹgbẹ́ àwa ọmọ Yorùbá, baba tó ń gbé ládùúgbò Banifandou, ló wà láàárín. Ọ̀gá ọlọ́pàá dúró níwájú wọn, kò mọ ohun tí yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe.

Alága ń sọ ní Haúsá pé, "Ku yi haƙuri, ẹ ṣe sùúrù. Ọmọ wa ṣẹ̀. Ọmọdé ló ń ṣe é. Ẹ bá wa dárí jì í."

Ọmọdé! Mo ti lé lógójì ọdún.

Mo ní, "Bàbá, ẹ dìde! Ta ló rán yín?"

"Dákẹ́ ẹnu rẹ," ló wí láti ilẹ̀. "Àwa la ń bẹ̀bẹ̀. Ìwọ dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú wa."

"Kí ni mo ṣe tí n óò fi dọ̀bálẹ̀?"

"Ṣé ẹ rí i?" ni alága wí fún èkejì rẹ̀. "Ìwé ló ń ṣe é. Ìwé ti le koko ní ọrùn rẹ̀."

Ọ̀gá ọlọ́pàá mú biro. Gbogbo ojú ìwé mẹ́rin mi, kò mú nǹkan kan níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ alága ló kọ sínú ìwé ẹjọ́, tí wọ́n ń pè ní pe-ve: pé àwọn àgbà ìran mi wá, wọ́n jẹ́wọ́ lórúkọ mi, wọ́n sì tọrọ ìdáríjì. Mo ta ko ó. Ó wò mí bí ẹni tó ń káàánú mi.

Ó ní, "Olùkọ́, àgbàlagbà mẹ́ta kì í dùbúlẹ̀ nínú iyanrìn nítorí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan. Lọ́dọ̀ tiwa, kò sí bẹ́ẹ̀."

Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́: kò purọ́ lójú tirẹ̀. Lọ́dọ̀ wa nìkan ni ènìyàn ti ń dọ̀bálẹ̀ kó tó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Wọn kò bi mí, wọn kò bi ìyàwó mi, wọn kò wo àgbàlá. Wọ́n gbọ́ "ìbọn" àti "ọlọ́pàá", wọ́n ti gbé agbádá wọ̀. Wọ́n tiẹ̀ ti kọ́kọ́ dé àdúgbò Talladjé nírọ̀lẹ́ Jímọ̀, wọ́n ti lọ dọ̀bálẹ̀ fún àwọn ẹbí olè náà!

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo lọ bá alága ní Banifandou. Mo dọ̀bálẹ̀ kí i dáadáa, n kò fi ìbínú ṣe ìyẹn. Mo ní, "Bàbá, ẹ bẹ̀bẹ̀, wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo jẹ̀bi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi padà lọ ní Mọ́ńdè, kí ẹ sọ fún wọn pé ẹ̀bẹ̀ lásán ni, ẹ kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀."

Ó ní, "Ta ló sọ fún ọ pé ẹni tó bẹ̀bẹ̀ ló jẹ̀bi? Mo bẹ ìyá àgbà tó wà nínú ilé yẹn lánàá, ṣé èmi ni mo jẹ̀bi ni?"

Ohùn kan dáhùn láti inú ilé, "Ìwọ ni o jẹ̀bi!"

"Ṣé o gbọ́ irọ́?" ni alága wí. "Ẹ̀bẹ̀ kì í ṣe ẹjọ́, ọmọ mi. Omi tútù ni. A da omi sí iná, ìwọ ń bi wá pé ta ló dá iná."

"Bàbá, wọ́n lè lé mi kúrò nílùú lórí omi tútù yín."

"Ẹnikẹ́ni kò ní lé ọ. Ṣùgbọ́n kí n lọ bá ọlọ́pàá pé mo gba ẹ̀bẹ̀ mi padà? Kí ni wọn óò máa pè mí? Àgbà tó ń kó ìdọ̀bálẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀ padà?"

Kò lọ.

Ní Mọ́ńdè, wọ́n ti gbé àbúrò ìyá olè náà wá láti Talladjé, baba kan tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, tí epo wà lábẹ́ èékánná rẹ̀. Ó ní òun dárí jì mí, òun kò bá mi ṣẹjọ́. Ọ̀gá ọlọ́pàá ti ìwé kan sí iwájú mi. Ó ní bí mo bá buwọ́ lù ú, ẹjọ́ tán. Bí n kò bá buwọ́ lù ú, wọn ó gbé mi lọ ilé ẹjọ́ lọ́la. Ohun tó wà nínú ìwé náà ni pé mo gbà pé mo ṣẹ̀, wọ́n sì ti dárí jì mí.

Mo yíjú sí baba Talladjé. Mo bi í ní Zarma, "Bàbá, kí ni ẹ fi ń dárí jì mí?"

Ó họ orí. "N kò mọ̀. Àwọn arúgbó wá, wọ́n dùbúlẹ̀ nínú àgbàlá mi. Ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Kí ni ẹ fẹ́ kí n ṣe, kí n máa wò wọ́n nílẹ̀? Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, olè ni. Gbogbo Talladjé ló mọ̀. Ọlọ́run ló ní kí ẹ má pa á."

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ gbọ́. Ẹ kọ ìyẹn sílẹ̀."

"Ìyẹn," ni ọ̀gá wí, "fáìlì mìíràn ni."

Ìyàwó mi wà lórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn mi. Láti ọjọ́ Jímọ̀, kò tíì fẹsẹ̀ kan ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá Ìbejì. Ẹ buwọ́ lù ú ká máa lọ."

Mo mú biro. Ní ibi tí àwa tí a kàwé Faransé ti máa ń kọ ọ́ pé a kà á, a sì fọwọ́ sí i, mo kọ ọ́ pé mo kà á, n kò gbà bẹ́ẹ̀. Lẹ́tà mi mọ́ kedere. Mo kọ orúkọ mi sí abẹ́ rẹ̀. Ọ̀gá kò wò ó. Ó fi òǹtẹ̀ lù ú, ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní kí n kí àwọn arúgbó mi.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, mo padà lọ gba ìbọn bàbá mi. Akọ̀wé kan tí n kò rí rí ló wà nídìí tábìlì. Ó fa fáìlì yọ, ó kà á dé ìsàlẹ̀, ó dúró, ó tún un kà.

"Ta ló kọ èyí?"

"Èmi ni."

"Ẹ kò gbà?"

"N kò gbà."

Ó ní, "Ẹjọ́ yìí kò tíì tán nìyẹn. A kò lè dá ohun ìjà padà nígbà tí ẹjọ́ kò tíì tán. Ẹ óò ní láti ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀."

Mo fa àga, mo jókòó. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó bi mí.