Káàdì Tí Mo Nà Sókè Nínú Aṣálẹ̀

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọmọ mi sọ ọ́ fún mi. Ó kọ́kọ́ sọ ọ́ lórí fóònù, ó tún un sọ ní pápákọ̀ òfurufú, ó sì sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta níbi tí a ti fẹ́ wọ jíìpù ní ìlú kékeré kan lórílẹ̀-èdè Bòlífíà.

"Daddy, èrò ọkọ̀ lẹ jẹ́ o. Ẹ kì í ṣe dírẹ́bà."

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo dá a lóhùn pé mo gbọ́. N kò purọ́. Mo gbọ́ ọ lóòótọ́.

Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi wa ọkọ̀ fún iléeṣẹ́ epo kan ní Port Harcourt. Ìwé mẹ́wàá ni mo kà mọ, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kọ́ mi ní ohun tí ilé ìwé kò kọ́ mi. Kí ọkọ̀ tó ṣí, a ó yí i po, a ó wo táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti ìkarùn-ún tí ó wà lẹ́yìn, a ó fi ọwọ́ kan nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan, a ó sì kọ aago tí a gbéra sílẹ̀. Olúkúlùkù wa ní káàdì kan tí wọ́n ya àtẹ́lẹwọ́ pupa sí. Ẹnikẹ́ni tí ó bá rí ewu, ìbáà ṣe ẹni tí ń gbálẹ̀, tí ó bá ti na káàdì yẹn sókè, iṣẹ́ gbọ́dọ̀ dúró. Ọ̀gá pátápátá kò gbọdọ̀ bínú sí i. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni mo fi dá ọkọ̀ dúró lójú títì East-West. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, wọ́n gba aṣọ iṣẹ́, wọ́n gba bàtà, wọn kò rántí gba káàdì. Inú pọ́ọ̀sì mi ni ó wà títí di òní.

Ọmọ kan ṣoṣo ni a bí, obìnrin ni. Ọdún 1999 ni, nínú ilé tí a ṣì ń gbé ní Elekahia. Ó ti tó ọmọ ọdún mẹ́ta kí a tó mọ̀ pé ikọ́ fée ni ó ń dà á láàmú. Nígbà tí eruku dúdú wá bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ láti ojú ọ̀run Port Harcourt, tí èèyàn bá fi ìka nu fèrèsé tí ìka náà á dúdú bí ìdí ìkòkò, mo fi téèpù lẹ gbogbo etí fèrèsé yàrá rẹ̀ pa. Ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ ni mo ń nu ibùsùn rẹ̀. Tí ó bá sùn, mo máa ń fi aago ọwọ́ ka èémí rẹ̀. Èémí mẹ́rìndínlógún ní ìṣẹ́jú kan, ara rẹ̀ dá. Tí ó bá ti kọjá mẹ́rìnlélógún, mo ti dìde.

Ó dàgbà, ó lọ ka ìwé sí i ní Sípéènì. Nígbà tí wọ́n parí, òun àti mẹ́rin nínú àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ pinnu láti fi ọjọ́ mẹ́ta la pápá iyọ̀ àti aṣálẹ̀ orí òkè kọjá nínú ọkọ̀ kan. Ó ṣèèṣì sọ fún ìyá rẹ̀ pé afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fẹ́lẹ́. Mo ní mo ń bá wọn lọ.

Ìyá rẹ̀ wò mí. "Ṣé ẹ ó máa mí fún un ni?"

Mo ní bí ó bá ṣeé ṣe, n ó mí fún un.

Àyè kan ṣẹ́ kù nínú ọkọ̀ náà. Bí mo ṣe dé Bòlífíà nìyẹn.

Dírẹ́bà wa jẹ́ ọkùnrin kúkúrú kan tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì rẹ̀ wú jáde bí ẹni tí eyín ń dùn. Kò kí mi. Mo yí ọkọ̀ rẹ̀ po. Nọ́ọ̀tì kan kò sí ní ẹsẹ̀ ẹ̀yìn apá ọ̀tún, wọ́n sì ti lẹ táyà ìkarùn-ún ní ojú méjì. Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin gíga kan tí ó di irun rẹ̀ sẹ́yìn bi ọmọ mi ní Gẹ̀ẹ́sì bóyá ọlọ́pàá ni bàbá rẹ̀. Ọmọ mi dá a lóhùn ní èdè Sípéènì, gbogbo wọn sì rẹ́rìn-ín. Mo béèrè ohun tí ó sọ. Kò túmọ̀ rẹ̀ fún mi.

Nígbà tí a dé orí pápá iyọ̀, títì parí. Kò sí ilà, kò sí òpó, kò sí ibi tí ilẹ̀ ti yàtọ̀ sí ilẹ̀. Funfun ni gbogbo rẹ̀ dé ibi tí ojú lè rí i dé. Dírẹ́bà tẹ iná mọ́ ọn, ó gbé ọwọ́ méjèèjì kúrò lórí sítíárín, ó ń fi aṣọ nu gíláàsì ojú rẹ̀.

"Sọ fún un kí ó rọra."

"Daddy, kí ló fẹ́ gbá níbí? Tree no dey. Goat no dey. Gutter sef no dey."

"Sọ fún un."

Kò sọ fún un. Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀, tí wọ́n ń dùbúlẹ̀ ya fọ́tò kiri, mo bẹ̀rẹ̀, mo fi ìka nu iyọ̀ náà, mo sì wo ìka mi bí mo ṣe máa ń ṣe sí fèrèsé nílé. Kò sí dúdú kankan lára rẹ̀. Ọmọ mi rí mi, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Òun nìkan ni ẹ̀rín tí mo rí gbà lọ́dọ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Lọ́jọ́ kejì, a bẹ̀rẹ̀ sí í gun aṣálẹ̀ lọ sókè. Òkúta pupa àti iyanrìn ni, koríko kò hù níbẹ̀. Ní ìdajì wákàtí sí ìdajì wákàtí, dírẹ́bà a ki ọwọ́ bọ àpò ike kan, a kó ewé gbígbẹ jáde, a rún un sí ẹ̀rẹ̀kẹ́.

"Kí ni ó ń jẹ?"

"Ewé kókà. Gbogbo èèyàn ló ń jẹ ẹ́ níbí, Daddy."

"Kókà wo? Èyí tí wọ́n fi ń ṣe kokéènì?"

"Òun ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe…"

N kò gbọ́ ìyókù. Níbi iṣẹ́ wa, dírẹ́bà tí wọ́n bá bá irú ewé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ kò ní í padà wọ géètì.

Nígbà tí ó fi máa di aago mọ́kànlá kọjá ogún ìṣẹ́jú, ọmọ mi ti dákẹ́. Ó fi orí ti fèrèsé. Ètè rẹ̀ kò ní àwọ̀ tí mo mọ̀ ọ́n sí mọ́. Ó fa oògùn ikọ́ fée rẹ̀ sí ẹnu lẹ́ẹ̀mejì, kò yí padà. Mo ka èémí rẹ̀: mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Dírẹ́bà wo dígí, ó rí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Ọkọ̀ ń fò lórí òkúta. Mo sọ lọ́kàn mi pé ewé náà ti gùn ún.

Ó ṣàdédé dúró, ó pa ẹ́ńjìnnì, ó bọ́ sílẹ̀, ó sì lọ sí búùtù. Mo na ọwọ́ kọjá ìjókòó iwájú, mo yọ kọ́kọ́rọ́. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo dúró níwájú ọkọ̀, mo fa káàdì yọ nínú pọ́ọ̀sì mi, mo sì nà á sókè.

Afẹ́fẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á lọ́wọ́ mi. Dírẹ́bà ti ẹ̀yìn ọkọ̀ yọ pẹ̀lú agolo gígùn kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo káàdì náà, ó wo ojú mi. Ó ju agolo náà sí ọ̀dọ́mọbìnrin onírun kúkúrú kan tí ó jókòó ti ọmọ mi, ó sì na ọwọ́ sí mi kí n mú kọ́kọ́rọ́ wá. Ọ̀dọ́mọbìnrin yẹn ni ó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì fún wa láti ojú fèrèsé, nítorí ọmọ mi kò lè sọ̀rọ̀.

"Ó ní kí ni ẹ ń tà?"

"Sọ fún un pé iṣẹ́ ti dúró. Kí ó tu ewé ẹnu rẹ̀ dànù. Èmi ni n ó wa ọkọ̀ yìí."

"Ó ní ṣé ẹ mọ ọ̀nà?"

Kò sí ọ̀nà kankan níbẹ̀ tí èèyàn lè mọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin onírun dídì bọ́ sílẹ̀, ó ń pariwo mọ́ mi ní èdè tirẹ̀, ó ń tọ́ka sínú ọkọ̀. Mo gbé ọwọ́ kọ́kọ́rọ́ sẹ́yìn. Dírẹ́bà jókòó sórí òkúta, ó yíjú kúrò lọ́dọ̀ mi. Aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàdínláàádọ́ta ni mo na káàdì náà sókè. Aago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ni ọ̀dọ́mọbìnrin náà tó sọ̀kalẹ̀ wá bá mi, tí ó sì rọra ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀.

"Bàbá, kì í ṣe ewé ló ń lé e sáré. Ọmọ yín ni. Ibí ló ga jù ní gbogbo ọ̀nà yìí. Ó fẹ́ tètè gbé e sọ̀kalẹ̀. Afẹ́fẹ́ ọ́síjìn ló lọ mú ní búùtù."

Mo wo inú ọkọ̀. Ọmọ mi ti fi ìbomú agolo náà bo ẹnu rẹ̀. Ó ṣí i díẹ̀.

"Daddy." Ó mí. "Give am key."

Mo fún un.

Wákàtí kan àti ààbọ̀ ni a fi sọ̀kalẹ̀, dírẹ́bà náà kò sì bojú wẹ̀yìn. Nígbà tí ó di aago mẹ́ta, ọmọ mi ti ń mu ọbẹ̀ gbígbóná. Mo kà á: méjìdínlógún.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, ọmọ mi jókòó síwájú mi nídìí tíì kí àwọn yòókù tó jí.

"Ìṣẹ́jú méjìlélógún lẹ fi dá mi dúró síbẹ̀."

"N kò mọ̀ ni."

"Ẹ ò béèrè."

"Mo béèrè. Ìwọ ni o sọ pé kókà…"

"Ẹ béèrè, ẹ ò dúró gbọ́. Ẹ̀yin àti ikọ́ yẹn, mi ò mọ èyí tó ń fún mi lọ́rùn jù." Ó gbé ife rẹ̀ kalẹ̀. "Tí ẹ bá tún dá ọkọ̀ tí mo wà nínú ẹ̀ dúró, Daddy, ẹ ò ní mọ ibi tí mo wà mọ́ láyé."

Lọ́jọ́ náà, àárín àwọn báàgì ni wọ́n fi mí sí. Dírẹ́bà fi okùn so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọrùn ọwọ́ rẹ̀.

Ọdún tó kọjá, ọmọ mi wá sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ìyá rẹ̀ ni ó ń sọ ibi tí ó bá ń lọ fún, lẹ́yìn tí ó bá ti dé. Lọ́jọ́ tí ó ń padà, ó fi fóònù pe ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ sí pápákọ̀ òfurufú. Nígbà tí ọkọ̀ náà dúró lẹ́nu géètì wa, kò pọn dandan kí n yí i po. Láti ibi tí mo dúró sí ni mo ti rí táyà ẹ̀yìn apá ọ̀tún. Ojú rẹ̀ ti jẹ tán, ó ń dán. Ojú ọ̀run sì ti ṣú ní apá Eliozu, níbi tí wọn yóò gbà.

Ọmọ mi gbé àpótí rẹ̀ sí búùtù. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà náà, ó wò ó. Lẹ́yìn náà ó wò mí. Ọwọ́ mi wà lápò, lórí pọ́ọ̀sì.

"Madam, make we dey go. Rain dey come," dírẹ́bà wí.

"Daddy, ṣé ẹ ní nǹkan tí ẹ fẹ́ sọ?"

"Rárá. Ó dàbọ̀."

Ó tún wo táyà náà. Lẹ́yìn náà ó wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Mo kọ nọ́ńbà ọkọ̀ náà sílẹ̀, mo kọ aago: mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú méjìlélógójì. Ní aago mọ́kànlá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, òjò bẹ̀rẹ̀. N kò wọlé. Ìyá rẹ̀ gbé agbòjò wá, n kò gbà á.

Aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógójì ni fóònù ìyá rẹ̀ dún. Ọmọ mi ni, ó ti dé pápákọ̀. Ohùn rẹ̀ ń dún ketekete sí etí mi.

"Daddy ńkọ́?"

"Wọ́n wà níbí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi."

"Ẹ bi wọ́n pé ṣé wọn ò rí táyà yẹn ni."

Ìyá rẹ̀ gbé fóònù kúrò létí, ó sì yíjú sí mi.

Mo ní mo rí i.