Ìyá Ìyàwó Nínú Ọkọ̀ Yotamu

Láti àárọ̀ ni Yotamu ti ń nu dígí ọkọ̀ tó ti mọ́. Ó nù ún tán, ó tún bẹ̀rẹ̀. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ń wò ó, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sínú. Wọ́n mọ ẹni tó ń bọ̀.

Lọ́dọọdún, kí òjò tó dé kí odò Luangwa tó kún bo ọ̀nà, ilé ìgbàlejò olówó ńlá tó wà nínú igbó ọba máa ń gba àwọn àgbà abúlé wa lálejò. Wọ́n á sùn sórí ibùsùn àwọn òyìnbó, wọ́n á jókòó sórí tìmùtìmù wo ẹranko tó ń jẹ àgbàdo wọn. Lọ́dún yìí, NyaSakala wà lára wọn. Òun ni ìyá Esinta, ìyàwó Yotamu. Ọkọ̀ kejì sì ti bàjẹ́, èyí tí Yotamu ń wà fún ilé ìgbàlejò náà nìkan ló kù.

Nílẹ̀ wa, ọkùnrin kì í wo ojú ìyá ìyàwó rẹ̀, kì í bá a sọ̀rọ̀, kì í jẹun lójú rẹ̀, àfi lẹ́yìn tí ìyá náà bá ti dáná fún un tó sì pè é wọlé. Yotamu ti bí ọmọ mẹ́ta, wọn ò tíì pè é. NyaSakala ní ọkùnrin tí kò kọ ebè kan rí lóko òun, tó jẹ́ alágbàṣe ló ń rán wá, kí lòun fẹ́ pè é wọlé wá ṣe? Bí ìdílé bá péjọ, ìta ni Yotamu máa ń jókòó sí pẹ̀lú àwọn ọmọdé.

Ó bẹ ọ̀gá pé kí ẹlòmíràn wakọ̀. Ọ̀gá ní kò sí ẹlòmíràn.

Kí àwọn àgbà tó dé, ó ti wà nídìí ọkọ̀. Ó fa fìlà bo ojú, ó yí dígí tí wọ́n fi ń wo ẹ̀yìn sókè kí ó kọjú sí ọ̀run. Tomaida, aládùúgbò NyaSakala, ló jókòó sáàárín wọn kí ó lè máa gbé ọ̀rọ̀.

"Ìyá wa Tomaida, ẹ bá mi sọ fún wọn pé kí wọ́n di irin mú."

"Ìyá Esinta, awakọ̀ ní kí ẹ di irin mú."

"Sọ fún un pé mo ti ń di nǹkan mú kí wọ́n tó bí i."

Àwọn tó kù rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n rí àwọn àgùnfọn, NyaSakala ní kí Tomaida bi í bóyá iṣẹ́ náà nìyẹn, kéèyàn jókòó. Yotamu ní kí ó sọ fún wọn pé bẹ́ẹ̀ ni.

Níbi tí odò kékeré ti gbẹ, wọ́n já lu abo erin kan àti ọmọ rẹ̀. Wọ́n ti sún mọ́ ọn jù. Yotamu pa ẹ́ńjìnnì. Erin na etí.

Lóko, bí erin bá dé, àwọn obìnrin wa á dìde, wọ́n á pàtẹ́wọ́, wọ́n á pariwo títí yóò fi lọ. Ó ti pẹ́ tí NyaSakala ti ń lé erin. Ó dìde nínú ọkọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ àtàwọn tó jókòó sínú rẹ̀, nǹkan kan ṣoṣo ni lójú erin. Ẹni tó bá dìde ló máa ń rí.

Erin gbéra, ó ń bọ̀.

"Ìyá wa Tomaida, ẹ sọ fún wọn..."

Tomaida ti ki orí bọ abẹ́ ìjókòó.

Yotamu yíjú padà. Ó wo NyaSakala lójú. "Màmá, ẹ jókòó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́."

NyaSakala jókòó. Erin dúró, eruku bo ọkọ̀, lẹ́yìn náà ó yà sínú igbó pẹ̀lú ọmọ rẹ̀. Yotamu gbé wọn padà sí ilé ìgbàlejò.

Yotamu lọ sẹ́yìn ilé ìdáná. Kò lè jókòó. Ó lọ sídìí ọkọ̀, ó padà wá, ó tún lọ. Ó dá a lójú pé ọ̀rọ̀ ti parí, pé ìta ni òun yóò wà títí ayé.

Wọ́n ti tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì. NyaSakala kò jókòó síbẹ̀. Ó wọ ilé ìdáná, ó ní kí alásè kúrò nídìí iná, ó sì bu ìyẹ̀fun àgbàdo. Láti ojú fèrèsé, Yotamu gbọ́ ohùn Tomaida.

"Ìyẹ̀fun ta ni? Ìkòkò ta ni? Ìyá Esinta, wọn kì í ṣe é báyìí."

"Ó ti wò mí lójú, ó ti pè mí ní màmá. Kí ni mo tún ń dúró dè? Kí erin mìíràn wá ni?"

"Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n lọ pè é."

"Jókòó. Mo ní ẹnu."

Ó yọjú lẹ́nu ọ̀nà. Kò dárúkọ rẹ̀ rí láyé. "Yotamu, wọlé."

Ó wọlé. Nshima, òkèlè àgbàdo tó rò, ń rú èéfín nínú àwo. Ó fọwọ́, ó bu òkèlè, ó ń yí i kiri lẹ́nu.

"Kò jinná," NyaSakala wí. "Iná wọn le jù."

"Ó jinná, Màmá."

"Má purọ́ fún mi."

Ó gbé e mì. Níta, ọ̀gá ń pe awakọ̀, àwọn òyìnbó ti dé, wọ́n ń dúró de ọkọ̀. Ó pè é lẹ́ẹ̀kejì. Yotamu ń gbọ́, ṣùgbọ́n kò dìde. Ẹni tí wọ́n bá dáná irú èyí fún kì í dìde kí àwo tó tán, NyaSakala sì tún ń bu sí i.