Ẹsẹ̀ Ládánì àti Ẹgbẹ́ Agbábọ́ọ̀lù Ìlú Wa

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Ẹ̀rúnmu, ẹni tí kò bá lọ sí pápá lọ́jọ́ Sátidé kò nílò láti bi ẹnikẹ́ni bóyá ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìlú wa borí tàbí wọ́n fìdí rẹmi. Ohùn tí wọ́n bá fi pe ìrun Mọ̀gàríbì nírọ̀lẹ́ ló máa sọ fún un. Bí ohùn náà bá mọ́ kedere, ara ti tu ìlú nìyẹn. Bí ó bá ha bí ìgbà tí èèyàn ń fi yanrìn fọ ìkòkò, wọ́n ti nà wá, ẹni tó ni ohùn sì ti pariwo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló ni ohùn ọ̀hún. Òun ni ládánì mọ́sálásí agboolé wa, òun ló ń pe ìrun. Àgbẹ̀ ni, obì àti ẹ̀gẹ́ ló ń gbìn, kò sì gbá bọ́ọ̀lù rí láyé rẹ̀. Síbẹ̀, n ò tíì rí ẹni tó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù tó o. Bó bá ti di Sátidé, á tètè ti oko dé, á wẹ̀, á gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ lé èjìká, ó di pápá ẹ̀yìn ilé ìwé. Èmi ni mo máa ń gbé kẹ́tùlù omi tẹ̀ lé e. Àwọn ọmọ yòókù ń lọ wo bọ́ọ̀lù. Ní tèmi, ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni mò ń lọ wò.

Lọ́dún kan, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nǹkan dojú rú. Wọ́n nà wá lẹ́ẹ̀kan, ó ní rẹfirí ló ṣe ojúsàájú. Wọ́n nà wá lẹ́ẹ̀kejì, ó ní oòrùn ló kọjú sí àwọn ọmọ wa. Lẹ́ẹ̀kẹta, gólì wa ló kọjú ìjà sí, káfíńtà kan tó ga bí òpó. "Pákó tó bá dúró sójú kan nìkan lo mọ̀ ọ́n mú!" ló ń ké láti ẹ̀gbẹ́ pápá. Nígbà tó fi di ẹ̀ẹ̀karùn-ún, kò rí ẹni tí yóò dá lẹ́bi mọ́. Á kàn wálé, á jókòó, á máa wo ilẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ á gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, ọkọ á tì í sẹ́yìn.

"Bàbá, ṣé ẹ̀yin ni wọ́n gbá wọlé ni?" ni ìyàwó rẹ̀ bi í lọ́jọ́ kan.

"Ì bá sàn kó jẹ́ èmi," ló fi dá a lóhùn. "Èmi ì bá mọ bí mo ṣe máa yà lọ bá òpó."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Òun náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò jẹun náà.

Lẹ́yìn ẹlẹ́ẹ̀kẹfà ni kápútẹ́nì ẹgbẹ́ wá sílé wa nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, bí ẹ̀gbọ́n bàbá mi ṣe ń ti oko dé. Kẹ̀kẹ́ ló ń tún ṣe lẹ́bàá ọjà. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, wọ́n ní kó dìde, kò dìde. Mo ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tó gbé wá wúwo.

"Bàbá, ẹ dákun, ẹ má bínú sí mi, rírán ni wọ́n rán mi. Àwọn ará ìlú ló ń sọ pé gbogbo ọjọ́ tí wọ́n nà wá yìí, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ ń dé pápá. Wọ́n ní... wọ́n ní ẹsẹ̀ yín ò dára."

Ẹni tó jẹ́ pé ohùn rẹ̀ ló ń jí gbogbo àdúgbò, wọ́n ní kò ní ẹsẹ̀ ire! Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, eruku oko ṣì wà lára wọn.

"Ẹsẹ̀ yìí ni mo fi ń lọ pe ìrun lẹ́ẹ̀marùn-ún lójúmọ́," ló wí. "Ṣùgbọ́n kò burú. Mi ò ní wá mọ́."

Sátidé tó tẹ̀ lé e, àwọn ọmọ Alákíà ló wá bá wa gbá a. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń bó obì. Nígbà tó gbọ́ ariwo láti pápá, kò lè mú un mọ́ra. "Lọ wò ó fún mi," ló sọ fún mi. "Má sọ pé èmi ni mo rán ọ o."

Mo lọ, mo dúró títí fèrè ìparí fi dún. Ẹkún ni mo sun wálé. "Bàbá, wọ́n tún nà wá o. Wọ́n gbá mẹ́ta wọlé, àwa ò gbá ẹyọ kan."

"Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Ojú mi ló ṣe, Bàbá."

Ó fò dìde, obì tó wà lórí itan rẹ̀ sì fọ́n ká. "Alihamudulilai! Ẹsẹ̀ mi kọ́! Ẹsẹ̀ mi ò débẹ̀, wọ́n sì tún pòfo!" Ijó ló jó yí ọ̀dẹ̀dẹ̀ po. Ìyàwó rẹ̀ sáré jáde, ó rò pé a ti borí, ó bá a jó díẹ̀ kó tó bi mí léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Nínú gbogbo Ẹ̀rúnmu, ọkùnrin kan ṣoṣo ni inú rẹ̀ ń dùn nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

Ìjọ̀ngbọ̀n ń bọ̀, kò mọ̀. Nígbà tó dìde láti pe ìrun Mọ̀gàríbì, ohùn rẹ̀ kò mọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí, nítorí kò pariwo lọ́sàn-án, inú rẹ̀ sì ń dùn. Gbogbo ẹni tí kò lọ sí pápá ló gbọ́ ọ. Àwọn tó ń ti oko bọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí hó yèè. Àwọn aládùúrà tó wà ní ọ̀kánkán wa lu agogo ìdúpẹ́. Àwọn obìnrin ká kápútẹ́nì mọ́ ojú ọ̀nà bó ṣe ń ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ bọ̀ tìtìjú-tìtìjú, wọ́n ń kí i kú oríire.

Bí a ti kírun tán báyìí, kápútẹ́nì ti dúró lẹ́nu ọ̀nà mọ́sálásí. Omijé ti lé ròrò sójú rẹ̀. "Bàbá, ẹ̀yin náà ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́?"

Ojú ti ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ọmọ mi, forí jì mí. Ẹsẹ̀ mi ni mo yọ̀ fún. Mo gbàgbé pé ẹ̀yin náà lẹ́sẹ̀, àti pé tiyín ló ń dùn yín."

Ẹ̀rín bú mọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin náà lẹ́nu. Ó rín in débi pé ó di ògiri mú. "Ẹ padà wá, Bàbá," ló wí. "Bí wọ́n bá máa nà wá, kó ṣojú yín."

Ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Adégbàyí ló kàn láti wá bá wa gbá a. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi gbé àpótí rẹ̀ dé, kò tíì jókòó dáadáa táwọn àlejò fi gbá ọ̀kan wọlé. Gbogbo pápá yíjú wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó fi etí agbádá bò wọ́n mọ́lẹ̀. Ó kàn ń ka tẹ̀sùbáà. Nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, kápútẹ́nì dá ọ̀kan padà. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn àlejò yin bọ́ọ̀lù kan tí mo rò pé ó ti wọlé, àfi bí káfíńtà ṣe fi imú gbà á. Ọ̀mì ni a ta, ọ̀kan sí ọ̀kan, a ò tilẹ̀ borí. Ṣùgbọ́n bí a ṣe yọ̀, ẹ ó rò pé gbogbo ayé la nà. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi sáré wọ pápá, ó dì mọ́ káfíńtà, ẹ̀jẹ̀ imú onítọ̀hún sì ba agbádá rẹ̀ jẹ́. Kò jẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ tètè fọ̀ ọ́.

Ayé ti yí padà, ẹ̀yin ọmọ. Lónìí, àwọn ọmọ-ọmọ mi a máa wọ ẹ̀wù ẹgbẹ́ òkè òkun lọ sí ilé ìwòran bọ́ọ̀lù. Bí wọ́n bá na ẹgbẹ́ wọn, wọn kì í jẹun. Mi ò bá wọn wí, mo mọ àìsàn náà láti ilé. Ohun kan ṣoṣo ni mo fi ń káàánú wọn: agbábọ́ọ̀lù tí wọ́n ń sunkún lé lórí kò mọ̀ pé wọ́n wà láyé. Tiwa, bó bá fìdí rẹmi ní Sátidé, yóò wá kan ilẹ̀kùn rẹ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Wàá bú u tán, wàá sì fún un lómi mu.

Èyí tó kéré jù nínú wọn bi mí láìpẹ́ yìí pé, "Ìyá àgbà, lẹ́yìn ọ̀mì yẹn, ṣé ẹ borí nínú èyí tó tẹ̀ lé e?"

Rárá o. Mẹ́rin ni wọ́n gbá wọlé wa. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, kò sẹ́ni tó wo ẹsẹ̀ ẹnì kankan.