Ta Ló Yẹ Àyà Adelé Wò?

Adelé kú ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ní gbọ̀ngàn eré ìdárayá tó wà lẹ́yìn ilé ìfìwéránṣẹ́, níbi tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń gbára dì. Ó gbé bọ́ọ̀lù dé àárín pápá, ó na ìka sókè láti fi ibi tí kálukú máa dúró sí hàn wọ́n, ó wá jókòó sílẹ̀ jẹ́ẹ́. Kóòṣì jágbe mọ́ ọn: "Dìde ńlẹ̀ jàre! Ta ló ní kí o sinmi?" Adelé kò dìde mọ́, ọkàn rẹ̀ ti dákẹ́. Ọkùnrin tí mo máa ń bẹ̀ pé kó jókòó jẹun, ọjọ́ kan ṣoṣo tó jókòó láìtọrọ àyè, igbe ni wọ́n fi sìn ín lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ewé yìí mọ̀ mí. Ọ̀rọ̀ gọ́tà tó dí àti iná títì tí kò tàn ni mo sábà ń kọ, mo sì ń kọ ọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí olóòtú fi ń bẹ̀ mí pé kí n fi ara balẹ̀. N kì í ṣe oníròyìn eré ìdárayá. Ohun tí mo mọ̀ nípa basikẹ́ẹ̀tì, bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fọwọ́ lù mọ́lẹ̀ kí wọ́n tó jù ú sínú àwọ̀n, kò ju gbì, gbì, gbì tó máa ń dún mọ́ ògiri yàrá ẹ̀yìn ilé mi lọ. Yàrá yẹn ni Adelé máa ń gbé nígbàkígbà tí kíláàbù ìlú wa bá ránṣẹ́ pè é.

Gáàdì ni, ìyẹn ẹni tó ń gbé bọ́ọ̀lù síwájú tó sì ń pín in fún àwọn tó ga jù ú lọ. Kíláàbù kọ̀ọ̀kan ló ní gáàdì tirẹ̀, èyí tí wọ́n ya àwòrán rẹ̀ gàdàgbà sára ògiri. Bí ẹsẹ̀ onítọ̀hún bá fi rọ́, ìgbà yẹn ni fóònù Adelé tó ń dún. Láàárọ̀ ni wọ́n á pè é, nírọ̀lẹ́ ni yóò ti wọ ọkọ̀ dé. Bí ara onítọ̀hún bá sì ti yá, wọ́n á ní, "Adelé, o ṣeun o," òun náà á tún di ẹrù rẹ̀. Àwọn agbábọ́ọ̀lù bíi tirẹ̀ ló sọ ọ́ ní Adelé, torí pé ibi gbogbo ló ti jókòó sórí ìtẹ́, kò sí ibi tí wọ́n ti fi jọba.

Kì í pẹ́ níbì kan tó kí wọ́n tó tẹ orúkọ rẹ̀ sára aṣọ. Aṣọ ẹni tó fara pa ni wọ́n máa ń gbé fún un. Wọ́n á lẹ pílásítà funfun mọ́ orúkọ ẹni tó ni ín, ó di kó máa sáré. Bí òógùn bá ti mú un, pílásítà á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, orúkọ olórúkọ á yọjú. Adelé ní kò burú, pé bí òun bá gbá a dáadáa, ẹlòmíràn gba oríyìn, bí òun bá sì gbá a bàjẹ́, ẹlòmíràn náà ni wọ́n á bú.

N kò ní tìtorí pé ó kú kí n wá sọ ọ́ di áńgẹ́lì. Bàtà rẹ̀ gùn débi pé olóòtú mi kọsẹ̀ lára rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà mi, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi orí gbá ilẹ̀kùn. Ó máa ń kọrin ní balùwẹ̀, kò sì mọ orin kankan dé òpin. Ó tún ṣe ohun kan tó jẹ́ pé ẹni tó bá ti gbá bọ́ọ̀lù káàkiri bíi tirẹ̀ nìkan ló lè ṣe é. Lọ́jọ́ kan, èmi náà jókòó sínú gbọ̀ngàn, ìdí mi ń dùn mí lórí pákó. Adelé gba bọ́ọ̀lù, kò wo ẹ̀yìn rárá, ó jù ú sí apá ọ̀tún, ó bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó jù ú sí wẹ́kú. Ẹni yẹn gbá a wọlé. Ọ̀tá ni! Ẹlẹgbẹ́ Adelé ni ní kíláàbù tó kúrò lọ́dún tó ṣáájú. Kóòṣì fò sókè bí ẹni tí èèrà ta.

"Adelé! Ta lò ń bá gbá bọ́ọ̀lù?"

"Ẹ má bínú, sà. Ibẹ̀ ló máa ń dúró sí."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀tá náà gan-an wá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ẹ wo irú èèyàn tí a ń sọ.

Èmi ni ó ń pè ní Bàbá Àníyàn. Kò sí àárọ̀ tí kò ní bá mi lẹ́nu ilẹ̀kùn.

"O ti pa iná ẹ̀yìn?"

"Mo ti pa á, Bàbá Àníyàn."

"Omi ẹ̀rọ ńkọ́?"

"Mo ti tì í."

"Ìwọ fúnra rẹ ńkọ́? Èémí tí ò ń mí lórí àtẹ̀gùn lánàá kò tẹ́ mi lọ́rùn."

"Ẹ̀yin náà ẹ gun àtẹ̀gùn yẹn lẹ́ẹ̀mejì, ká gbọ́ bí tiyín ṣe máa rí!"

Ó rẹ́rìn-ín, ó lọ. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni ẹnì kan ṣoṣo tó gbọ́ èémí yẹn. Ìyàwó rẹ̀ sọ fún mi pé Adelé ti sọ fún kóòṣì pé bí òun bá sáré díẹ̀, ṣe ni àyà òun ń lù kì kì kì. Èsì wo ni kóòṣì fún un? Ó ní, "Ọjọ́ orí ni. Gbogbo wa la ń dàgbà." Ọ̀gbẹ́ni kóòṣì, ṣé ìwọ náà ti di dókítà ni? Níbo lo ti kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn, kí àwa náà lè máa gbé àwọn aláìsàn wa wá sọ́dọ̀ rẹ?

Lọ́jọ́ tí a sin ín tán, ìyàwó Adelé jókòó sí pálọ̀ mi, ó di ife tíì mú, kò mu ún. Ó ní, "Bàbá, gbogbo kíláàbù tí ọkọ mi dé, dókítà wọn tẹ orúnkún rẹ̀. Wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n yí i, wọ́n yà á ní fọ́tò. Ọwọ́ tí wọ́n fi ń tẹ orúnkún yẹn, wọn ò lè gbé e sókè díẹ̀ kó dé àyà?"

Mo bá gbéra, mo lọ bá dókítà kíláàbù wa. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó mọ̀wàá hù ni, ó fún mi ní àga, ó tún bi mí léèrè nípa ẹ̀yìn mi. Mo ní kó fi ẹ̀yìn mi sílẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ yẹ Adelé wò nígbà tó dé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Orúnkún rẹ̀ le koko."

"Àyà rẹ̀ ńkọ́?"

"Ẹni tó bá ti kíláàbù mìíràn wá, Bàbá, a gbà pé wọ́n ti yẹ àyà rẹ̀ wò níbẹ̀. Oṣù díẹ̀ ló ń bọ̀ wá lò pẹ̀lú wa."

"Àwọn tibẹ̀ ńkọ́, ṣé wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò?"

Ó gbé fóònù, ó pe dókítà ibi tí Adelé ti kúrò wá sọ́dọ̀ wa. Mo ń gbọ́ ohùn onítọ̀hún látinú fóònù: "Àwa kọ́ o. Ṣebí ó ti ibòmíràn wá bá wa ni."

Ẹ gbọ́ nǹkan! Ọ̀dọ̀ kálukú ni Adelé ti jẹ́ àlejò, kálukú sì gbà pé onílé kan wà níbì kan tó ti tọ́jú rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ní nígbà tó kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ ni dókítà ti gbọ́ àyà rẹ̀ kẹ́yìn. Láti ìgbà yẹn wá, orúnkún nìkan ló ń wọ kíláàbù, ìyókù ara kàn ń tẹ̀ lé e ni. Alága àjọ tó ń darí eré náà wá bọ́ sórí rédíò, ó ní ikú náà bá àwọn lójijì. Kí ni kò ní jẹ́ òjijì lójú ẹni tí kò wo nǹkan kan?

Àjọ kan náà ló ní kí gbogbo ilé dìde ní gbọ̀ngàn ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, kí eré tó bẹ̀rẹ̀, láti fi bu ọlá fún òkú. A dìde. Wọ́n gbé àwòrán sí ojú tẹlifíṣọ̀n ńlá tó wà lókè. Ẹ̀yin èèyàn mi, kì í ṣe Adelé! Gáàdì tí Adelé ń dí àyè rẹ̀ ni. Nọ́ńbà aṣọ ni wọ́n fi wá a, wọ́n gbàgbé pé aṣọ àyálò ni. Ẹni tó ni àwòrán náà jókòó sí ìlà iwájú, igi ìtilẹ̀ lábẹ́ apá, gúgúrú lẹ́nu.

"Èmi kọ́ o!" ni ó pariwo. "Mo wà láàyè! Ìyá mi ń wò ó nílé o!"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, ojú sì tì wọ́n. Ìyàwó Adelé náà rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹkún. Ó sọ sí mi létí pé, "Ká ní ó wà níbí ni, ìfun rẹ̀ ì bá já." Wọn kò wá àwòrán tirẹ̀. Wọ́n ní ká má bínú, rẹfirí fun fèrè, eré bẹ̀rẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti rí ohun tí kò jẹ́ kí n sùn láti ìgbà náà. Ẹnì kan dìde lórí bẹ́ǹṣì, nọ́ńbà kan náà lẹ́yìn rẹ̀, pílásítà tuntun lórí orúkọ. Wọ́n ti ránṣẹ́ pe ẹlòmíràn. Lẹ́yìn eré, mo lọ dúró dè é ní ẹnu yàrá ìmúra.

"Ọmọ mi, dókítà ti yẹ̀ ọ́ wò?"

"Wọ́n ti yẹ̀ mí wò, sà." Ó fi ọwọ́ lu orúnkún rẹ̀. "Wọ́n ní kò sí wàhálà."

"Àyà rẹ ńkọ́?"

"Àyà kẹ̀?" Ó rẹ́rìn-ín. "Wọ́n ti ní láti wò ó ní kíláàbù tí mo ti ń bọ̀, Bàbá."

"O wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n wò ó?"

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó wo ilẹ̀, ó ronú, ó wá gbé ọwọ́ lé àyà ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó gbàgbé pé òun ní i.

N kò béèrè pé kí wọ́n fi orúkọ Adelé pe gbọ̀ngàn, wọ́n á ṣì í kọ ni. Kí kóòṣì jáde wá sọ fún ìyàwó rẹ̀ lójúkojú ohun tí ọkọ rẹ̀ sọ fún òun àti ohun tí òun fi dá a lóhùn. Kí alága àjọ sọ fún wa, dípò ọ̀rọ̀ òjijì, ẹni tó fọwọ́ sí i pé kí ọkùnrin kan máa ti kíláàbù bọ́ sí kíláàbù láìsí ẹni tó yẹ àyà rẹ̀ wò. Kó sì ṣe é lófin pé kíláàbù tó bá fẹ́ lo èèyàn, dókítà tirẹ̀ gan-an ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò lódindi kó tó fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù, ìbáà jẹ́ ọjọ́ kan ni yóò lò.

Ṣùgbọ́n òfin máa ń pẹ́ kó tó jáde, Àbámẹ́ta kì í pẹ́ dé. Nítorí náà, dókítà, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀ báyìí, ẹ̀yin tí ẹ béèrè ẹ̀yìn mi. Ọkùnrin tó rọ́pò Adelé yẹn máa wà ní gbọ̀ngàn láàárọ̀ ọ̀la. Mo ti bi í, ó ní òun á dúró dè yín. Ẹ gbé ohun tí ẹ fi ń gbọ́ àyà dání, kí ẹ gbọ́ ọ dáadáa, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ bá gbọ́ síta lórúkọ ara yín. Orúnkún lè dúró.