Ọwọ́ Akàn ti Bàbá

Bí mo bá gbóòórùn akàn lórí iná, etí mi á tún gbọ́ bí àwọn akàn ṣe ń họ ìdérí ìkòkò tí ìyá mi fi ọmọ ọlọ tẹ̀, nílé wa ní Ifangni.

Ọwọ́ akàn tó tóbi jù, ti bàbá ni. Ọdún tí wọ́n ta àsíá tuntun nílé ìwé wa ni bàbá gba ibodè Igolo kọjá wáṣẹ́ lọ. Síbẹ̀, ìyá mi ń bu tirẹ̀ sọ́tọ̀, á dé e, títí á fi bà jẹ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó fi òkúta fọ́ ọwọ́ akàn náà, ó nà án sí mi.

“Ìyá, ti bàbá nìyẹn o!”

“Jẹ ẹ́, kó tó tutù.”

Mo dàgbà kí n tó mọ̀ pé ọ̀sán yẹn ni kò retí ọkọ rẹ̀ mọ́. Inú tèmi dùn. Mo fa omi rẹ̀ gbẹ, mo ní: “Ṣé èmi ni mo ni ín láti òní lọ?”