Ọjọ́ Tí Ìyálé Mi Pè Mí Ní "Ẹ"

Èmi kì í tètè gba omijé gbọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bí ẹnì kan bá ń sunkún nítorí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, ojú rẹ̀ ni mo máa ń wò, kí n mọ̀ bóyá ó ń yọjú wo àwọn tó ń wò ó. Bí wọ́n ṣe bí mi nìyẹn. Ọkọ mi a máa sọ pé bí áńgẹ́lì bá yọ sí mi, n ó kọ́kọ́ bi í pé ta ló rán an, n ó sì wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ìyẹ́ náà lẹ̀ mọ́ ọn dáadáa. Ó rò pé òun ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi ò rí ohun tó burú nínú kí èèyàn wo ẹ̀yìn áńgẹ́lì.

Ìlọ́bù ni wọ́n ti bí mi, nílé àwọn Mùsùlùmí tó ń ṣoko tí wọ́n sì ń ṣòwò. Ìfọ́n-Ọ̀ṣun ni mo ti rí ọkọ fẹ́, ibẹ̀ náà ni mo ti di ọmọ ìjọ. Ẹni tó bá mọ ìlú méjèèjì á ti mọ̀ pé irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ ní wàhálà tirẹ̀, nítorí ìjà ilẹ̀ tó wà láàárín wọn. Bí gbogbo nǹkan bá rọlẹ̀, ìyàwó ilé ni mí. Bí ìlú bá gbóná, mo di ọmọ ọ̀hún. Wọn kì í sọ ọ́ sí mi létí, ṣùgbọ́n bí mo bá wọlé, ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ a parí lójijì. Tíṣà ni mí ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Mo mọ bí kíláàsì ṣe máa ń dákẹ́ bó bá jẹ́ pé tíṣà gan-an ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Inú ilé kan náà ni èmi àti ọkọ mi ń gbé pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin àti ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n yìí ni ìyálé mi. Aránṣọ ni, ọ̀ọ̀dẹ̀ iwájú ló gbé máṣíìnì rẹ̀ kalẹ̀ sí. Òun ló bu omi sí mi lẹ́sẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n mú mi wọlé, òun náà ló sì kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kí àwọn àgbà ilé. Àǹtí ni mo ń pè é. Mo máa ń kúnlẹ̀ kí i láràárọ̀, òun a sì dáhùn láìgbé ojú kúrò lára iṣẹ́ pé, "Ìyàwó, o jí? Ṣé o sùn dáadáa?" "O" ló máa ń bá mi sọ. Ní gbogbo ọdún tí a ti jọ wà, kò fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀ rí, kò sì yẹ kó ṣe bẹ́ẹ̀. Àgbà ni nílé, èmi ni mo bá a níbẹ̀.

Ní àkókò tí mò ń sọ yìí, wàhálà ilẹ̀ ti ṣẹlẹ̀, ó ti rọlẹ̀, àwọn èèyàn sì ti ń padà sóko díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ó gbóná, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, tí gbogbo ilé ń pè ní Bàbá, ti lọ sí oko gbágùúdá rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, àwọn kan tí kò dá mọ̀ sì lé e. Ó ṣubú sínú kòtò, apá ọ̀tún rẹ̀ kán. Wọ́n tò ó, ṣùgbọ́n kò jinná bó ṣe yẹ, títí di òní kò lè gbé e kọjá àyà. Gbogbo ilé dúpẹ́ pé ẹ̀mí rẹ̀ ò bọ́.

Àlùfáà ìjọ wa rí i pé àwọn èèyàn ń di ara wọn sínú. Ó kéde lórí pẹpẹ pé kó tó di ọjọ́ ìsinmi tí a máa jẹ Oúnjẹ Olúwa, kí kálukú yẹ ara rẹ̀ wò, kí ó sì lọ bá ẹni tó bá ṣẹ̀. Ó ní òun ti gbọ́ "a ti ṣẹ̀, a ti ṣẹ̀" títí etí òun fi kún. Lọ́tẹ̀ yìí, "mo" ni òun fẹ́ gbọ́. Ó wá fi òfin kan kún un. Ẹni tí wọ́n bá wá bẹ̀ kò gbọdọ̀ béèrè ohun tí oníbẹ̀bẹ̀ ṣe. Kó kàn dáhùn pé, "Ó ti tán," kí ìwádìí má baà di ìjà tuntun.

Àwọn èèyàn ṣe àmín. Èmi jókòó, mò ń fura sí òfin náà. Ta ni ó máa ṣe láǹfààní bí kì í bá ṣe ẹni tó ní nǹkan ńlá tó fẹ́ bò mọ́lẹ̀?

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, ìkúnlẹ̀ wá pọ̀ nílùú. Ẹ̀yìn ìsìn, ẹnu ọ̀nà, ẹ̀bá kànga, ibi gbogbo ni ẹ ti máa gbọ́ "Ẹ forí jì mí" àti "Ó ti tán." Obìnrin kan tí a jọ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin wá bẹ̀ mí, mo dá a lóhùn, n ò tilẹ̀ fura sí i púpọ̀ nítorí mo ti mọ̀ pé ó máa ń sọ̀rọ̀ mi. Ìyẹn ò kan mí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Túsìdé, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ìwé dé, mò ń tú bàtà, ni ìyálé mi ká kọ́tìnnì yàrá mi sókè tó wọlé. Téèpù ìwọnṣọ wà lọ́rùn rẹ̀. Ó bọ́ ọ, ó ká a sọ́wọ́, ó sì kúnlẹ̀ lórí eékún méjèèjì níwájú mi.

"Ẹ jọ̀wọ́," ó ní, "ẹ forí jì mí."

Mo sáré dì í lápá mú. "Háà, Àǹtí! Ẹ dìde o! Ẹ má jẹ́ kí wọ́n bá wa báyìí!"

"Mi ò ní dìde àfi tẹ́ ẹ bá dá mi lóhùn."

"Ó ti tán. Ó ti tán, Àǹtí."

Ó dìde, ó nu ojú, ó fi téèpù rẹ̀ kọ́ ọrùn padà, ó sì jáde. Kò pẹ́ tí mo fi gbọ́ máṣíìnì rẹ̀ lọ́ọ̀dẹ̀. Èmi dúró pẹ̀lú bàtà kan lẹ́sẹ̀.

Ìkúnlẹ̀ yẹn le, ṣùgbọ́n "ẹ" yẹn ló dẹ́rù bà mí jù. Kí ni àgbà máa ṣe fún àbúrò tí ẹnu rẹ̀ á fi kọ̀ láti pè é ní "o"? Ẹni tó bá sọ̀rọ̀ mi lẹ́yìn ò ní pè mí ní "ẹ." Ẹni tó mú nǹkan mi ò ní pè mí ní "ẹ." Ó ní láti jẹ́ pé ohun tó ṣe ti bà mí láyé jẹ́, tí èmi nìkan ni n ò mọ̀.

Mo kọ́kọ́ ro ọkọ mi. Mo rántí ìgbà tí Àǹtí pè é kó wá bá òun pààrọ̀ gílóòbù, tó sì pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí ọkọ mi dé, mo bi í bí gílóòbù kan ṣe máa ń gba àkókò tó. Ó wò mí. Ó ní gílóòbù wo? Mo ní kò burú, kó jẹun. Mo wá ro ìró léèsì mi tí mo wá títí láti ọjọ́ ọdún tí n ò rí. Mo ro tiransífà tí wọ́n fẹ́ fún mi sí ilé ìwé tó sún mọ́ ilé, tí ó já sí asán láìnídìí. Mo ro oyún mi tó wálẹ̀ ní ọdún tí mo kọ́kọ́ dé. Èyí ni kò jẹ́ kí n jókòó dáadáa. Òun ló ń se àgbo fún mi nígbà náà.

Ní ọjọ́ kejì ó gbé ọbẹ̀ ilá wá fún mi gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń ṣe. Mo dúpẹ́, mo kúnlẹ̀, mo sì lọ dà á sílẹ̀ lẹ́yìn ilé. Ilá tó fà dáadáa, tó ní panla. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n n ò jẹ́ jẹ ẹ́.

Àlùfáà ní kí a yẹ ara wa wò, nítorí náà èmi náà jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo yẹ ara mi wò. Mo rí i pé mo máa ń jágbe mọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi, pé mo sì máa ń sùn nígbà ìwàásù. Mo tọrọ àforíjì fún méjèèjì. Kò pẹ́ rárá. Mo padà sórí ẹ̀ṣẹ̀ ìyálé mi, nítorí òun ló wuyì í yẹ̀ wò.

Nígbà tí ara mi ò gbà á mọ́, mo gun ọ̀kadà lọ bá ìyá mi ní Ìlọ́bù. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun tán, ó jókòó lórí ẹní pẹ̀lú tẹ̀súbáà lọ́wọ́. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un.

"Túúbá tí kò lórúkọ?" ó ní. "Kí lẹ fẹ́ kí èèyàn fi irú ìyẹn ṣe? Tiwa ni pé kó o sọ ohun tó o ṣe fún ọmọnìkejì rẹ, kó lè mọ ohun tó ń yọ̀ǹda."

"Ohun tí mò ń sọ náà nìyẹn, Màámi. Ó ti ṣe nǹkan fún mi."

Ó fa tẹ̀súbáà rẹ̀ díẹ̀. "Ìwọ ńkọ́? Kí lo ṣe fún un?"

Inú bí mi. Mo ní èmi tí mò ń kúnlẹ̀ kí i láràárọ̀? Ìyá mi ń wo ilẹ̀, ó sì bi mí pé báwo ni apá ọkọ Àǹtí. Mo ní ó wà bẹ́ẹ̀. Ó ní kí Ọlọ́run bá a tún un ṣe, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀. Mo rò pé oorun ló ń kùn ún.

Ó di ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ kejì ni Oúnjẹ Olúwa. Mo mọ̀ pé n ò lè jókòó sí bẹ́ǹṣì kan náà pẹ̀lú obìnrin yìí kí n na ọwọ́ gba àkàrà. Ọkọ mi ti jáde. Mo lọ bá Àǹtí lọ́ọ̀dẹ̀, mo sì kúnlẹ̀ kí n tó rú òfin àlùfáà.

"Àǹtí, ẹ má bínú. Mo mọ̀ pé wọ́n ní ká má béèrè. Ṣùgbọ́n kí lẹ ṣe fún mi? Mi ò lè sùn."

Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí máṣíìnì. Ó wò mí, ó mí kanlẹ̀.

"Mo fura sí ọ ni," ó ní.

N kò mọ ìgbà tí mo ní, "Èmi?"

"Ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí Bàbá kán lápá, mò ń ká aṣọ lẹ́yìn ilé. Mo gbọ́ ohùn rẹ nínú yàrá, ò ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù. O ní, 'Mo ti gbọ́, Màámi. Mi ò ní sọ fún ẹnì kankan.' Nígbà tí wọ́n gbé e dé lọ́jọ́ kejì, ọ̀rọ̀ yẹn ló wá sí mi lọ́kàn. Mo ní o mọ̀ nípa rẹ̀. Mo kórìíra rẹ. Mò ń dáhùn ìkíni rẹ, mo sì kórìíra rẹ. Mo sọ fún àwọn ìyàwó ilé kejì pé kí wọ́n máa ṣọ́ ẹnu wọn tí o bá wà níbẹ̀." Omi ń dà lójú rẹ̀, n ò sì wò ó bóyá ẹkún gidi ni. "Nígbà tí àlùfáà ń wàásù, ojú tì mí. Ìwọ tí mo bu omi sí lẹ́sẹ̀. Ìwọ ò lè mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kí o dákẹ́. Mo bẹ̀ ọ́, dárí jì mí."

Gbogbo ohun tó yẹ kí n sọ ò ju "Ó ti tán" lọ. Ó wà lẹ́nu mi. Bí mo bá sọ ọ́, òun á lọ jẹ Oúnjẹ Olúwa pẹ̀lú àlàáfíà, èmi náà á lọ, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀ láéláé.

Lóòótọ́ ni ìyá mi pè mí. Ó ní òun gbọ́ pé ọ̀nà oko ò ní dáa lọ́jọ́ kejì, kí n di ọkọ mi mú sílé. Ó ní kí n má sọ ibi tí mo ti gbọ́ ọ, kí wọ́n má baà wá bá òun. Ẹ̀rù bà mí fún un. Ẹ̀rù bà mí fún ara mi pẹ̀lú, ọmọ ọ̀hún, tí wọ́n á bi pé báwo ló ṣe mọ̀. Mo ti pe ohun tí mo ṣe lọ́jọ́ náà ní ọgbọ́n, mi ò sì yẹ ọgbọ́n wò rí.

"Àǹtí," mo ní, "òótọ́ lẹ fura sí. Mo mọ̀."

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un láti orí ìkúnlẹ̀ yẹn. Kò pariwo, kò sì bú mi. Ó ń fi ìka tẹ etí aṣọ tó ń rán, ó ń tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń lọ ọ́ láìsí áyọ́ọ̀nù.

"Àárọ̀ ọjọ́ yẹn, inú ń run ọ́. Ò ń yí mọ́lẹ̀. Ọkọ rẹ gbé ọ lọ sí ọsibítù."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Àǹtí."

"Ọ̀kadà Bàbá ló fi gbé ọ. Bàbá ní kó máa gbé e lọ, pé òun á fẹsẹ̀ rìn dé oko. Ká ní ó gun ọ̀kadà, wọn ì bá lé e bá?"

Mo di ẹsẹ̀ máṣíìnì mú.

"Ṣé lóòótọ́ ni inú ń run ọ́ lọ́jọ́ náà?"

"Kò run mí, Àǹtí."

Ó dìde. Mo rò pé ó fẹ́ gbá mi létí, mo sì fẹ́ kó gbá mi. Ṣùgbọ́n ó kàn ní, "Ó yá, dìde. Èmi kọ́ lo máa sọ ọ́ fún. Apá mi kọ́ ló kán."

Mo tẹ̀ lé e dé ẹ̀yìn ilé. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi jókòó sórí àpótí lábẹ́ igi máńgòrò, ó ń fi ọwọ́ òsì bó gbágùúdá. Ó gbójú sókè, ó rí mi tí mò ń sunkún, ó sì sọ ọ̀bẹ sílẹ̀ kíá.

"Ìyàwó, kí ló dé?" ó ní. "Àbí inú yẹn ló tún bẹ̀rẹ̀?"