Ìkòkò Kékeré Tí Mo Yà Sọ́tọ̀

Fún nǹkan bí oṣù méjì, ìkòkò ọbẹ̀ méjì ni mo ń gbé kaná nílé wa ní Òkè-Ìlá, nílùú Adó. Ńlá jẹ́ tèmi, kékeré jẹ́ ti ìyá mi. Iyọ̀ wà nínú ti ńlá, kò sí nínú ti kékeré. Mo kọ́kọ́ sọ èyí nítorí pé nígbà náà, ó dá mi lójú pé ohun tó tọ́ ni mò ń ṣe. Títí di òní, mo ṣì rò pé apá kan nínú rẹ̀ tọ́.

Nọ́ọ̀sì ni ìyá mi kó tó fẹ̀yìn tì. Bàbá mi ti kú, àwa méjèèjì nìkan ló sì wà nílé nígbà tí mo parí ìsìnrú ìlú tí mo padà sí Adó. N kò tíì lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí rọpárọsẹ̀ fi kọlù ú. Kò pariwo. Iṣu ló ń bó lọ́wọ́ tí ọ̀bẹ já bọ́. Ó tún un mú, ó tún já bọ́. Ó wá wò mí, ó ní, "Lọ pe ọkọ̀ wá. Apá ọ̀tún mi ti lọ." Bí ẹni tó ń ròyìn aláìsàn kan fún dókítà ló ṣe sọ ọ́.

Nígbà tí wọ́n dá wa sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn, dókítà ní kó máa lo oògùn rẹ̀ déédéé, kó máa na ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀, kí n sì mú iyọ̀ kúrò nínú oúnjẹ rẹ̀. Ó ní káún àti àwọn èròjà amọ́bẹ̀dùn inú pépà wà lára iyọ̀ tí òun ń wí. Ìyá mi mi orí sí i. Òun fúnra rẹ̀ ti sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún àwọn ẹlẹ́jẹ̀ ríru láìmọye ìgbà.

Kí àìsàn yìí tó dé, oúnjẹ la fi ń mọ ọjọ́ nílé wa. Tí o bá di ojú mi, tí o mú mi wọ ilé ìdáná, n ó sọ ọjọ́ tí a wà fún ọ. Ọjọ́ Ẹtì ni ẹ̀wà pẹ̀lú ẹja, nítorí pé ìyá mi kì í se ẹran ní ọjọ́ Ẹtì, yálà ó jẹ́ àkókò Lẹ́ńtì tàbí kò jẹ́ bẹ́ẹ̀. Òórùn àkàrà ló ń jí mi ní òwúrọ̀ Àbámẹ́ta. Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn Mísà, iyán ni, pẹ̀lú ọbẹ̀ ìṣápá tí a fi ẹ̀gúsí sè. Ìyá mi ló ń gún un fúnra rẹ̀. Tó bá gún un tán, á fi ìka ha èyí tó lẹ̀ mọ́ orí ọmọ odó, á sì fi sí mi lẹ́nu láìbéèrè, títí kan ọdún tí mo jáde yunifásítì. Ní ọjọ́ mẹ́fà yòókù, kálukú ló ní àwo tirẹ̀. Ní ọjọ́ Àìkú, abọ́ kan náà ni gbogbo wa ń kó ọwọ́ sí. Bàbá mi ló fi òfin yẹn lélẹ̀, kò sì sẹ́ni tó yí i padà lẹ́yìn rẹ̀.

Èmi ni mo yí i padà. Mo ronú sí i dáadáa kí n tó ṣe é. Mo rò pé kò dára kí ẹni tí a gba iyọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ máa gbọ́ òórùn ọbẹ̀ oníyọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, mo ń gbé tirẹ̀ lọ bá a nínú yàrá lórí tíréè, èmi á sì jókòó sí ilé ìdáná jẹ tèmi. Mo fún un ní ṣíbí, torí pé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò lè dá òkèlè. Àánú ni mo pè é.

Ìyá mi kò jẹun. Á jẹ òkèlè méjì, á fi ṣíbí sílẹ̀. "Mo ti yó," ni gbogbo ohun tó máa ń sọ. Ìró tó ń ró bẹ̀rẹ̀ sí í yí i po lọ́nà tí n kò rí rí. Nígbà tí a padà lọ rí dókítà, tí wọ́n gbé e lé òṣùwọ̀n, dókítà pè mí sẹ́yìn ìlẹ̀kùn. Ó ní tí bó ṣe ń jò yìí kò bá dúró, àwọn máa dá a padà sórí ibùsùn, àwọn á sì máa fi rọ́bà gba imú rẹ̀ fún un lóúnjẹ.

N kò sọ fún un. Àmọ́ nínú ọkọ̀ tó gbé wa padà sílé, ó ní, "Rọ́bà imú ló ń sọ, àbí?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Mo ti fi í sí imú èèyàn púpọ̀," ni ó wí. Lẹ́yìn ìyẹn, ó yíjú sí ojú fèrèsé.

Láti ọjọ́ náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìdí rẹ̀, bí wọ́n ṣe kọ́ wa ní yunifásítì: yí ohun kan padà lẹ́ẹ̀kan, kí o sì wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Mo rò pé ọ̀nà ọ̀fun ni. Ó mu omi dáadáa lójú mi, kò pá a lórí. Mo rò pé oògùn ni, mo sún àkókò rẹ̀ síwájú, kò yí nǹkan kan padà. Mo rò pé adùn ni. Mo fi kún ata, mo fi ẹ̀fínrín sí i, mo lọ dé àdúgbò Adébáyọ̀ lọ ra ẹja gbígbẹ tó sunwọ̀n jù lọ. Òkèlè mẹ́rin ló jẹ ní ọjọ́ ẹja yẹn. Ní ọjọ́ kejì, ó padà sí méjì.

Ọjọ́ Àìkú kan ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin dé láti ìlú Ìyìn. Àgbẹ̀ ni, ó dàgbà ju ìyá mi lọ dáadáa, Màmá Ìyìn ni mo sì ń pè é. Ó ru iṣu wá, ó kó ìṣápá gbígbẹ sínú ọ̀rá. Kò tíì jókòó tó fi gba ilé ìdáná lọ, ó ṣí ìkòkò ńlá, ó pa á dé, ó ṣí kékeré.

"Ta ló ni èyí?"

"Ti Mọ́mì ni, mà. Kò níyọ̀."

"Ńlá ńkọ́?"

"Tèmi ni, mà."

Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀. "Ìgbà wo ni ẹ̀yin méjèèjì jà?"

"A ò jà, mà."

"Ẹ̀yin méjì péré nínú ilé, ìkòkò sì di méjì. Tó bá jẹ́ Ìyìn ni, àwọn àgbà ì bá ti wá bá yín parí rẹ̀ láti oṣù tó kọjá."

Mo ṣàlàyé. Mo sọ ohun tí iyọ̀ ń ṣe fún ẹ̀jẹ̀, mo sọ ohun tí dókítà wí. Ó gbọ́ ọ títí dé òpin, kò já mi lẹ́nu.

"Gírádúéètì," ni ó wí, "mo gbọ́. Iyọ̀ ò dára fún un. Iyọ̀ wá dára fún ìwọ?"

Kò sì dúró de èsì. Ó wọ yàrá lọ, mo gbọ́ tó ń wí pé, "Nọ́ọ̀sì, dìde. Mo rìn láti Ìyìn wá, o wá ń sùn bí ìyàwó tuntun."

Bí a ṣe gbé ìyá mi wá sí ilé ìdáná nìyẹn, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí ọ̀bẹ já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo sọ pé ó lè ṣubú, mo ní ooru máa mú un. Màmá Ìyìn gbé àga aláfẹ̀yìntì sí ẹnu ọ̀nà, ó fi í jókòó, ó sì gbé abọ́ ìṣápá tí a ti bọ̀ ka iwájú rẹ̀.

Ẹni tó bá mọ ìṣápá mọ̀ pé kíkan rẹ̀ ni iṣẹ́ tó wà nínú rẹ̀. Òdòdó gbígbẹ ni, ó kan bí ọsàn wẹ́wẹ́. Wọ́n á bọ̀ ọ́, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á fún omi rẹ̀ dànù, wọ́n á tún bu omi sí i, títí tí kíkan yẹn á fi ku díẹ̀ tó máa dùn lẹ́nu. Káún ló ń jẹ́ kó yá. Ìyá mi fi ọwọ́ òsì fún un, ó mú ẹyọ kan sí ẹnu, ó gbọn orí. Mo da omi nù, mo bu òmíràn. Ó tún tọ́ ọ wò, ó tún gbọn orí. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹfà.

Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni mo ti ń fọ̀ ọ́, nínú ìkòkò méjèèjì. Káún wà nínú tèmi. Kò sí nínú tirẹ̀.

"Mọ́mì, ṣé èyí tí mò ń sè fún yín ń kan ni?"

"Ó ń kan gan-an."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

Ó fún omi inú ìṣápá tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ dànù kó tó dáhùn. "O ò jẹ nínú rẹ̀. Báwo ni n ó ṣe máa ṣàlàyé kíkan fún ẹni tí kò bá mi jẹ ẹ́?"

Òótọ́ ni. Mo ti dán gbogbo nǹkan wò lórí ọbẹ̀ náà, n kò tọ́ ọ wò rí. Èrò mi ni pé iyọ̀ ni èèyàn ń tọ́ ọbẹ̀ wò fún. Èyí tí kò níyọ̀, kí ni mo fẹ́ tọ́ wò nínú rẹ̀? Síbẹ̀, mo gbọ́dọ̀ sọ pé kíkan ìṣápá kò lè jẹ́ ìdí tó fi kọ ẹ̀wà ọjọ́ Ẹtì.

Èmi ni mo gún iyán lọ́jọ́ náà. Kókó wà nínú rẹ̀, Màmá Ìyìn sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé uyán tí mo gún yìí, eyín ni wọ́n máa fi parí rẹ̀. Ọbẹ̀ kan ṣoṣo la sè, láìsí iyọ̀. Màmá Ìyìn gbé ìkòkò kékeré sórí pẹpẹ lókè pátápátá, ó bu iyán sínú abọ́ ńlá kan, ó bu ọbẹ̀ sínú òmíràn, a sì jókòó yí i ká. Mo mú ṣíbí fún ìyá mi.

Kò gbà á. Ó wo abọ́ náà, ó wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ tó sùn sórí itan, kò sì mira. Ìgbà yẹn ni ó yé mi. Ọwọ́ òsì nìkan ló ní, kò sì sí ọmọ Yorùbá tí wọn kò nà lọ́wọ́ rí nítorí pé ó fi òsì kan oúnjẹ. Kí àgbàlagbà wá ti òsì bọ inú abọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń jẹ! Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ máa jẹ. N ó jẹ tèmi tó bá yá."

Màmá Ìyìn ká ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sẹ́yìn, ó na ọwọ́ òsì, ó sì bu òkèlè. Ó tẹ̀ ẹ́ bọ ọbẹ̀, ó kán sílẹ̀ kó tó dé ẹnu rẹ̀. Ó yí ojú sí mi, mo sì ká tèmi náà sẹ́yìn.

Lẹ́yìn náà ni ìyá mi na ọwọ́.

Màmá Ìyìn gbé òkèlè àkọ́kọ́ mì, ojú rẹ̀ sì yí padà. "Uyọ̀ dà? Nọ́ọ̀sì, èyí lo ti ń jẹ láti ọjọ́ yìí? Lẹ́ńtì ti parí, tìrẹ ò parí?"

Ìyá mi rẹ́rìn-ín. Ẹnu rẹ̀ wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ bò ó. Nígbà tí ẹ̀rín náà lọ tán, ó sọ ọ̀rọ̀ kan tí n kò gbàgbé. Ó ní, "Mo sọ fún ọ̀pọ̀ èèyàn pé kí wọ́n má jẹ iyọ̀. N kò bi ẹnì kankan léèrè pé ta ló máa bá a jẹ ọbẹ̀ tí kò níyọ̀."

A kò ka òkèlè rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó jẹ títí a fi ń fi ìka ha ìsàlẹ̀ abọ́.

Láti ìgbà náà, ìkòkò kan ló ń wà lórí iná. Nígbà tí wọ́n tún gbé e lé òṣùwọ̀n, kò jò mọ́, ẹnikẹ́ni kò sì dárúkọ rọ́bà. Mo fẹ́ sọ pé abọ́ kan náà ló ṣe é, àmọ́ ẹ̀rí mi kò tó. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni dókítà pààrọ̀ ọ̀kan nínú oògùn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìṣápá kò kan mọ́. N kò lè ya ọ̀kan kúrò lára èkejì, n kò sì fẹ́ fi ìyá mi dán an wò láti mọ èyí tó jẹ́ òótọ́.

Apá ọ̀tún rẹ̀ kò tíì padà. Dókítà kò ṣèlérí pé á padà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ gba ìwé kan ní ọ́fíìsì ní Adébáyọ̀, ebi sì pa mí. Mo wọ búkà, mo ra iyán. Mo ti jẹ ẹ́ dé ìdajì kí obìnrin tó ń bu oúnjẹ tó dúró síwájú mi.

"Àǹtí, ọwọ́ òsì kẹ̀? Wọn ò kọ́ ẹ nílé ni?"

Àwọn tó ń jẹun lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi rẹ́rìn-ín. Mo wo ọwọ́ mi. N kò mọ ìgbà tí mo ti òsì bọ inú abọ́.

"Wọ́n kọ́ mi, mà," ni mo wí. Mo sì fi í jẹ iyán náà tán, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iyọ̀ inú ọbẹ̀ náà ti pọ̀ jù fún mi.